Ọ̀nà Tó Tẹ̀ Lójú Kòsírúmi

Ìgbéraga dà bí aṣọ, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wọ̀ gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń bá a gbé ìdí rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Òun ni ọ̀gá pátápátá ní iléeṣẹ́ tó ń la ọ̀nà ìlú. Bí kò bá sí nítòsí, Kòsírúmi ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Bó bá wà nítòsí, orúkọ rẹ̀ a máa gùn ju ọ̀nà tí wọ́n ń là lọ: "Ọ̀gá wa àgbà, ọgbọ́n inú, òye orí, atọ́nà-má-ṣìnà, ojú tó ń rí ẹ̀yìn ògiri!" Bí akọ̀wé rẹ̀ bá gbàgbé ọ̀kan nínú oríkì yìí, ọkùnrin náà a dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, títí akọ̀wé yóò fi rántí.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Kì í jalè, kì í ṣépè fún ènìyàn, bó bá sì pàdé ọmọdé lójú ọ̀nà, a dá a dúró kó lè kí i. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ohùn ara rẹ̀ dùn mọ́ ọn létí ju ohùn ẹnikẹ́ni lọ. Àràárọ̀ ló ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀, tí wọn yóò dúró bí igi ọgbà, tí èérún búrẹ́dì àárọ̀ á ṣì wà ní ètè àwọn kan. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ kì í gbọ́.

Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣẹ̀ tí mo fi ń fi ọgbọ́n dù wọ́n?"

Agbẹnusọ iléeṣẹ́ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀, dáhùn pé, "Ìwà ìkà gbáà ni, sà. Wọ́n ń sunkún níbẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi sípíkà sí yàrá gbogbo, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí ọ̀gá yóò máa sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀gá wa wá ní kí wọ́n gbé èyí tó tóbi jù lọ, méjì, sórí tábìlì òun fúnra rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí òun náà lè máa gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń gbádùn. Láàárín àwọn sípíkà méjèèjì ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ jókòó sí, bí ìyàwó tuntun láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á lè mọ ohun tí mò ń wí, kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi tòde òní. Àpótí gidi ni ojú rẹ̀, gíláàsì níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bí ikùn ẹni tó ti jẹun yó. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri.

Ní àkókò yẹn, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí gbogbo ìlú ń retí. Ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí ilé ìwòsàn rí kọ́lọkọ̀lọ, aboyún mìíràn a máa bímọ sínú ọkọ̀ kó tó débẹ̀. Iléeṣẹ́ wá fẹ́ la ọ̀nà tuntun láti gáréèjì lọ sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, gbọọrọ, kò yà síhìn-ín, kò yà sọ́hùn-ún, yóò gba inú pápá òfìfo kan kọjá. Igbákejì ọ̀gá ló ya àwòrán rẹ̀, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti la ọ̀nà púpọ̀, tí kì í pọ́n ènìyàn lé ju bó ṣe yẹ lọ, tí kì í sì í bú ènìyàn.

Ní àárọ̀ tí wọ́n so sípíkà tán, ọ̀gá wa tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó lè wo ọ̀nà náà. Háà! Ọ̀nà ti tẹ̀ ní ìbàdí. Ó yọ kókó sápá kan bí ẹ̀yìn ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Igun àwòrán kan di àwọ̀ ewé, igun kejì di àwọ̀ àlùkò bí ojú ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá fi igbe ta sínú ẹ̀rọ, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ: "Ta ló tẹ ọ̀nà mi?"

Àwọn àgbà iléeṣẹ́ sáré wọlé. Igbákejì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó gún régé. Sípíkà yìí ni. Òòfà ńlá wà nínú ẹ̀, irú èyí tó ń fa ìṣó. Nínú àpótí yìí, láti ẹ̀yìn ni iná tín-ín-rín kan ti ń ta wá síwájú, òun ló ń ya àwòrán sójú gíláàsì. Bí òòfà bá wà nítòsí, á fà á kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀, kò ní balẹ̀ síbi tó yẹ kó balẹ̀ sí. Ìlà á tẹ̀, àwọ̀ á dàrú. Ẹ jẹ́ ká kàn sún sípíkà kúrò níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbé rédíò ti tẹlifíṣọ̀n nílé rí ti mọ̀. Agbẹnusọ pàápàá ti ṣe é, tí orí ẹni tó ń ka ìròyìn fi gùn bí igò, tí ìyàwó rẹ̀ fi lé e jáde ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Agbẹnusọ ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Kí ló ń jáde nínú sípíkà yìí? Ohùn ọ̀gá wa ni. Ṣé ohun tí Igbákejì wá ń sọ ni pé ohùn ọ̀gá wa ló ń ba nǹkan jẹ́?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Òòfà ni mo sọ."

"Òòfà inú ohùn!" ni agbẹnusọ wí, ó sì wojú ọ̀gá bóyá ó dùn.

Ó dùn. Kòsírúmi dìde, ó fa ẹ̀rọ súnmọ́ ẹnu. Gbólóhùn tó sọ lọ́jọ́ náà gùn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni n óò fi jẹ yín níyà. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé, ohùn mi ò tẹ nǹkan kan rí. Ohùn mi a máa tọ́ wíwọ́ ni! Àwọn kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ jìnnà sí ọgbọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé ọ̀nà náà gún. Kọ̀ǹpútà tèmi ń bá mi gbé, ó ti kọ́ ojú mi, òun ló rí àléébù tó wà níbẹ̀. Ẹ tún un yà!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n gbé tábìlì Igbákejì lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn pátákó ojú ọ̀nà àlòkù sí, ó sì ń jókòó láàárín "Ẹ rọra" àti "Ẹ má gba ibí." Ayàwòrán mìíràn ló wá jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ọ̀gá, tí ọ̀gá dúró lé e lórí.

"Fà á sọ́tùn-ún. Ó kù díẹ̀. Mo ní díẹ̀! Dúró. Háà, wò ó bó ṣe gún!"

Ó gún lóòótọ́, lójú gíláàsì yẹn nìkan. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: àwòrán tó gún ni wọ́n tẹ̀, kó lè jọ èyí tó gún lójú ohun tó ń tẹ nǹkan.

Ìyẹn ò tó. Ọ̀gá wa ní ojú tábìlì òun ò dára, àlejò tó bá wọlé ẹ̀gbẹ́ òun ló ń kọ́kọ́ rí, iwájú ló sì yẹ kí wọ́n rí. Wọ́n yí tábìlì padà, wọ́n yí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹ̀. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ní òòfà tirẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, nítorí náà bí wọ́n ṣe yí àpótí náà, àwòrán inú rẹ̀ dagun díẹ̀ bí àga tí ẹsẹ̀ kan kúrú. Ọ̀gá rí i, kò sọ̀rọ̀, ó kàn dagun orí sápá kan kó lè bá a dọ́gba. Agbẹnusọ rí ọ̀gá, òun náà dagun. Kó tó di ọjọ́ ìpàdé tó tẹ̀ lé e, gbogbo àgbà iléeṣẹ́ ló ń jókòó tọ́rùn wọn wọ́, bí adìyẹ tó ń gbọ́ ìró àṣá. Ọ̀kan nínú wọn lọ rí dókítà nítorí ọrùn. Dókítà bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kò lè sọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ sàmì sí ibi tí ọ̀nà yóò gbà. Wọ́n dé pápá òfìfo, wọ́n rí i pé àwòrán tuntun ò gba inú rẹ̀ mọ́. Ó yà kúrò ní pápá, ó kọrí sí ọ̀wọ́ àwọn ilé kan. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri ilé tí wọn yóò wó. Ilé àkọ́kọ́ nínú wọn, ti ẹ̀gbọ́n ọ̀gá wa ni.

Ẹ̀gbọ́n yìí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìgbà tí ìyá wọn kú, òun ló tọ́ Kòsírúmi dàgbà nínú ilé náà gan-an, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Obìnrin náà wo ọ̀dà pupa tó wà lára ògiri rẹ̀, ó wé gèlè, ó gba iléeṣẹ́ lọ.

Ó bi akọ̀wé pé, "Olórí-kunkun dà?"

"Mà, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ó wà níbẹ̀. Sọ fún un pé ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà ló dé."

Kòsírúmi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dìde láìmọ ìgbà tó dìde. Ó dọ̀bálẹ̀, tàbí kí n ní ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, sípíkà ò jẹ́ kó ráyè dé ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀dà wo lẹ fi kun ilé mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀nà tó gún ni. Ọ̀nà tó gún ò mọ ojú ẹbí. Bí ilé yín bá bọ́ sójú ẹ̀, ilé yín ló dúró síbi tí kò yẹ."

"Ilé tí o ti kọ́ ìrìn? Ọ̀nà wo ló ń fi pápá òfìfo sílẹ̀, tó ń wá ògiri kiri bí ewúrẹ́ tára ń yún?"

"Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà. Ẹ wo bó ṣe gún."

Obìnrin náà wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi dagun orí?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, Kòsírúmi jókòó, inú rẹ̀ ò dùn. Ó rántí ògiri náà, àti ibi tí wọ́n máa ń gbé e dúró sí láti wọn gíga rẹ̀. Ó nawọ́ sí sípíkà ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ tì í. Ẹ gbà mí gbọ́, ó kù fẹ́ẹ́. Agbẹnusọ ló wọlé.

Ó bi agbẹnusọ jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó gún lóòótọ́?"

"Sà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kò gún, kí wọ́n lọ tọ́ ojú onítọ̀hún!"

Ọwọ́ ọ̀gá kúrò lára sípíkà. Wọ́n ṣètò pé Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀nà yóò wá wo àwòrán náà ní gbọ̀ngán iléeṣẹ́, tí yóò sì pàṣẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni katakata yóò wó àwọn ilé.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé tábìlì òun, kọ̀ǹpútà àti sípíkà méjèèjì sọ̀kalẹ̀ sí gbọ̀ngán, kí wọ́n tò wọ́n gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wà lókè, kí ojú kọ̀ǹpútà nìkan kọ sí àwọn èrò. Ó tún ní kí wọ́n fi fọ́tò Mínísítà sí igun àwòrán náà, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn. Mínísítà yìí tín-ín-rín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tan kọ̀ǹpútà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wú bí tẹni eyín ń dùn, iwájú orí lọ sápá òsì, àgbọ̀n di àwọ̀ ewé.

Ọ̀gá béèrè pé, "Ṣé òun nìyẹn?"

Agbẹnusọ ní, "Òun gan-an ni, sà. Ipò ló bá a lára mu."

Mínísítà dé, ó jókòó ní iwájú pátápátá. Àwọn ará ilé tí wọ́n kun lọ́dà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá láàárín wọn. Igbákejì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kòsírúmi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kí Mínísítà, ó kí ìyàwó Mínísítà tí kò wá, ó kí taya ọkọ̀ Mínísítà tó gbé e dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni sípíkà dojú kọ, kì í ṣe àwọn èrò.

Mínísítà fọwọ́ dí ẹ̀yìn etí. Ó ní, "Mi ò gbọ́ yín dáadáa."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ bá mi wò ó. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ láyé ni pé kí Mínísítà gbọ́ ohùn òun. Ó ní, "Kíá! Ẹ gbé àwọn sípíkà lọ síwájú Mínísítà!"

Àwọn ọkùnrin gbé èyí tó wà lọ́tùn-ún, wọ́n gbé èyí tó wà lósì. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni àwòrán ń yí lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mínísítà fọn, iwájú orí padà sáyè rẹ̀. Ojú Mínísítà dé! Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gún láti àárọ̀ tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, ó ta kúrò ní pápá, ó sì wọ inú àwọn ilé lọ.

"Ẹ gbé e padà!" ni Kòsírúmi ké, ẹ̀rọ sì bá a ké e.

Wọ́n gbé e padà. Ọ̀nà gún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mínísítà wú.

"Ẹ gbé e kúrò!"

Wọ́n gbé e kúrò. Mínísítà fọn. Ọ̀nà tẹ̀.

"Ẹ gbé ẹyọ kan padà! Ìdajì! Ẹ dúró sí àárín!"

Wọ́n dúró sí àárín, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Ọ̀nà tẹ̀ ní ìdajì, Mínísítà sì wú ní ìdajì. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngán sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà iléeṣẹ́ tó dagun orí bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mínísítà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò dénú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi yan ọ̀kan. Ojú mi lẹ fẹ́ bàjẹ́ ni, àbí ọ̀nà?"

Kòsírúmi wo agbẹnusọ. Agbẹnusọ ń wo àjà, bí ẹni tí àjà jẹ ní gbèsè.

Mínísítà tún ní, "Nílé mi, ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbé rédíò ti tẹlifíṣọ̀n. Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí ni?"

Igbákejì sọ láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn pé, "Gbogbo wa la mọ̀, sà."

Ó bọ́ síwájú, ó ní kí wọ́n gbé sípíkà jìnnà, ó sì tẹ bọ́tìnì kékeré kan lábẹ́ gíláàsì, èyí tó ń nu òòfà tó bá ṣẹ́kù sínú àpótí kúrò. Àpótí náà hó gbùùn, àwòrán gbọ̀n, àwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lágbọ̀n Mínísítà sì parẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe àwòrán tí òun kọ́kọ́ yà jáde. Ọ̀nà náà gba inú pápá kọjá, kò fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni, títí dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn.

Mínísítà ò pariwo. Ó pàṣẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èyí, ó fi Igbákejì sípò ọ̀gá níbẹ̀ gan-an, ó sì ní kí Kòsírúmi lọ sinmi nílé ná, títí wọn yóò fi rí iṣẹ́ tí kò nílò sípíkà fún un. Kó tó di pé Mínísítà wọ ọkọ̀, agbẹnusọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tuntun.

"Ọ̀gá wa obìnrin, ọgbọ́n inú, òye orí..."

Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé. Ọ̀dà pupa wà lára ògiri àwọn ènìyàn. Ẹ wá garawa, ẹ lọ fọ̀ ọ́."

Nígbà tí agbẹnusọ dé ibẹ̀ pẹ̀lú garawa, ó bá Kòsírúmi níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti ká apá aṣọ sókè, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń tọ́ka: "Ibẹ̀ ò tíì mọ́. Òkè díẹ̀." Kò bú u, kò sì dá a lóhùn nígbà tó bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ti gbé omi mímu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Agbẹnusọ, nítorí ohun tó ti mọ́ ènìyàn lára, la ẹnu pé, "Sà, kò sẹ́ni tó mọ ògiri-í fọ̀ bíi yín—"

Kòsírúmi ní, "Ha tìẹ."

Bí wọ́n ṣe ń ha á, obìnrin kan tó ru ẹrù dúró lẹ́bàá wọn, àlejò ni ládùúgbò. Ó kí wọn kú iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, níbo ni mo lè gbà dé ilé ìfìwéránṣẹ́?"

Kòsírúmi nàró. Ó fa èémí sínú bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Agbẹnusọ gbé garawa sílẹ̀, ó ti ń múra àtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè.

Ọkùnrin náà wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. Èémí náà jáde wẹ́rẹ́.

Ó ní, "Mi ò mọ̀, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín bi ẹ̀gbọ́n mi."